Ilé Ehoro Tí Mo Kùn Lọ́dà

Ẹni tó bá fẹ́ kan ilé ehoro, eyín ehoro ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo igi. Eyín yẹn kì í sinmi. Bí kò bá rí koríko, a jẹ abọ́. Bí kò bá rí abọ́, a jẹ ilé tí o kàn fún un. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Àjàṣẹ́ yìí. Mo kan ibùsùn, mo kan ilẹ̀kùn, mo kan pósí, ṣùgbọ́n ilé ehoro ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Ẹ dé Wàndó kí ẹ bèèrè Gàníyù Eléhoro, ọmọdé á fi ọ̀nà hàn yín. Bẹ́ẹ̀ n kò sin ehoro rí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ojú tí wọ́n fi ń woni láìṣẹ́jú yẹn dà bí ojú ẹni tó mọ nǹkan tí o ṣe.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ló ń bi mí bóyá iṣẹ́ igi dára láti kọ́. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà máa sọ ọ́ lásọtúnsọ, kí n sì lè sọ èyí tí ẹnu mi kì í fẹ́ sọ. Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo dé ní lékọ̀ọ̀lù kí bàbá mi tó rí i pé owó ìwé àti owó oúnjẹ kò lè gbé inú àpò kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fojú fò ó. Àṣìṣe tó ju ìyẹn lọ ń bọ̀ níwájú.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Ọdún tí Dàhòmé gba òmìnira gan-an ni wọ́n mú èmi wọ ìgbèkùn. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Kàrímù, káfíńtà kan ní Dówà, wọ́n mu omi, wọ́n sọ̀rọ̀, bàbá mi lọ sílé, èmi kò lọ. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn wa, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò tú mi sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, tí èmi náà yóò máa jẹ́ ọ̀gá. Ẹni tí kò bá rí ìtúsílẹ̀ yẹn gbà, ì báà mọ iṣẹ́ bí ìjàpá ṣe mọ ilé rẹ̀, ọmọṣẹ́ ni títí ayé.

Ọ̀gá Kàrímù kì í na ènìyàn. Ìbá sàn kó nà wá. Ìṣe tirẹ̀ ni pé àpótí ìjókòó àkọ́kọ́ tí ọmọṣẹ́ bá kàn, kì í gbà á, kì í kọ̀ ọ́. Á gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á fi í sílẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán, òjò àsìkò kan á sì pa á. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, á gbé e wá síwájú gbogbo wa, á ní, "Jókòó." Ohun tí ikán bá ṣẹ́kù fún ọ ni wàá máa jókòó lé títí ọjọ́ tí o bá tó kan òmíràn.

Tèmi, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ló kù. Múdà, tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́, ní àwọn ikán ní kí wọ́n kí mi, wọ́n ní ọwọ́ mi dùn lọ́bẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ikùn mú. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ náà, ó wò mí, ó ní, "Kì í ṣe ikán ló jẹ ẹ́. Ìwọ lo gbé e fún wọn jẹ." Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó fún oṣù mẹ́jọ. Mo jẹun nílẹ̀, mo yọ ìṣó nílẹ̀, àwọn oníbàárà ń fò mí kọjá bí ẹni ń fo ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ikán ti wọ inú eegun mi. Mo dé ilé ènìyàn, kí n tó kí wọn, mo ti wo ẹsẹ̀ àga. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ejò, wọ́n ń bẹ̀rù sójà. Èmi ọkùnrin gìdìgbà, kòkòrò funfun tí adìyẹ ń ṣà jẹ ni mo ń bẹ̀rù.

Oògùn ikán ni ọ̀dà dúdú kan tí ọ̀gá ń tọ́jú sínú agolo ńlá tí à ń pè ní bìdọ́ọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òórùn rẹ̀ máa ń ta sí ọ̀fun. Bí a bá fi kun ẹsẹ̀ ibùsùn, ikán á gba ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn lọ. Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó máa ń tún sọ ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ṣí bìdọ́ọ̀n náà: igi tí ẹnu yóò kàn, ọ̀dà kò gbọdọ̀ kàn án. Ọmọrogùn, ọpọ́n, ọmọ odó, ìdérí ìkòkò, kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Mo lè ka òfin yẹn bí ẹni ń ka súrà. Kíkà ni mo kà á.

Ó ku oṣù díẹ̀ kí ọdún mẹ́rin mi pé nígbà tí ọkọ Tàńtí Ràmọ́tù kú. Àbúrò ìyá mi ni Tàńtí, òun ló ń gbé mi pọ̀n kí n tó mọ ìrìn. Làsísì ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ibà ló mú un lọ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ àfi yàrá kan nínú agbo ilé wọn ní Dówà. Nígbà tí Tàńtí jáde nínú opó, àwọn ẹbí ọkọ jókòó. Àbúrò Làsísì tó ń gbé Àjàrá, Bàbá Súlè, tó ń ṣe òwò àgbàdo, ní òun yóò ṣú u lópó. Ìyàwó méjì ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í bi nǹkan léèrè bóyá ó wù ú láti di tirẹ̀.

Tàńtí kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wọn. Ó ní òun kò kọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá gbé nínú yàrá òun, kí òun fi ọwọ́ ara òun bọ́ ọmọ òun. Wọ́n bi í pé ọwọ́ wo. Ó ní ehoro. Ó ti rí i pé àwọn ilé ìdáná òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń wá ẹran ehoro kiri, lapẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń sìn ín kò sì pọ̀. Àwọn àgbà wo ara wọn. Níkẹyìn Bàbá Àgbà ní ó dára, kó ṣe é títí di ìkórè àgbàdo. Bí ìkórè bá dé, tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń bọ́ ọ, kó máa jókòó sí yàrá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bá a sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mọ́. Bí kò bá bọ́ ọ, Àjàrá ni.

Bí ìyà ṣe wá jẹ́ tèmi nìyẹn. Tàńtí wá bá wa lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kí n kan ilé ehoro fún òun lásìkò tí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Ọ̀gá gbà. Kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí mo bá ba nǹkan obìnrin yìí jẹ́, orúkọ òun ni mo bà jẹ́, n óò sì padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kan tiyín nílé láìná owó jù, bí a ṣe ṣe é rèé, ó sì ṣì dára títí dòní. Mo lọ ṣa àpótí sádínì àti àpótí ọṣẹ lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Mo tú wọn, mo yọ gbogbo ìṣó, mo fi òkúta nà wọ́n gún lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìṣó tó wọ́ kò ní àbùkù bí a bá mọ̀ ọ́n lù. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó ga dé ìbàdí obìnrin, kó má baà máa tẹ̀ bó bá ń fún wọn lóúnjẹ. Wáyà oníhò gbówó lórí, nítorí náà ọ̀pá ògùrọ̀ ni mo là sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé náà, ojú tó ń dán sókè. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá méjì kò gbọdọ̀ ju ìka ọmọ ọdún kan lọ. Bó bá fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ọmọ ehoro á há. Bó bá fún jù, ìgbẹ́ kò ní jábọ́, ìgbẹ́ ni àìsàn wọn. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi bò ó, nítorí abẹ́ páànù máa ń gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó ni mo gé ṣe àgbékọ́ ilẹ̀kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo, mo bu omi àti epo pẹtiróò díẹ̀ sí i kí èèrà má lè gun òkè. Mo sì kan àpótí kékeré kan sí igun fún abo tó bá fẹ́ bímọ, ẹnu rẹ̀ kò ju ara ẹran kan lọ.

N kò fi ọ̀dà kàn án. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rántí òfin ní ọjọ́ náà.

Tàńtí ra abo mẹ́ta àti akọ kan lọ́jà Wàndó. Kí oṣù méjì tó pé, ilé ti kún. Ó ń jí lọ gé koríko ní etí odò, ó ń fọ agolo, ó ń kọrin. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Eléhoro, ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni o. Ó ta àwọn àkọ́kọ́, ó ra aṣọ tuntun kan fún ọmọ rẹ̀. Àgbàdo oko ti ń yọ irùngbọ̀n. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó gbé ọmọ ehoro kan lé itan, ó ní, "Gàníyù, ìwọ lo mọ ilé mi, kì í ṣe Làsísì." Inú mi dùn dé ibi tí mo fi sáré padà sẹ́nu iṣẹ́ láìmu omi.

Òjò ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tàńtí ti lọ sí Wàndó. Mo yí ilé ehoro náà po bí mo ti máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lára ògiri: ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tútù, kò nípọn ju okùn bàtà lọ, ó ń bọ̀ láti ilẹ̀, ó sì doríkọ ẹ̀yìn ilé tí mo kàn. Ikán. Kò tíì kan igi. Ó ku nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọkùnrin mìíràn ìbá fi ẹsẹ̀ nu ọ̀nà náà kúrò, kó sún ilé ehoro kúrò lẹ́bàá ògiri, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi rí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ kan ààbọ̀. Mo rí ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sáré lọ gbé bìdọ́ọ̀n.

Mo kó àwọn ehoro sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kùn. Mo kun ẹsẹ̀ tán, ó dà bíi pé ikán ń wo apá. Mo kun apá. Mo kun apá tán, inú ṣófo, mo kun inú. Etí ilẹ̀kùn, igi ìjókòó koríko tí wọ́n ti ń jẹun, gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì lè dé. Ẹ̀rù a máa jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn yá. Kò tíì gbẹ tí mo fi dá àwọn ẹran padà, nítorí ọ̀gá ń retí mi. Mo ń lọ lójú ọ̀nà, mo ń kí ara mi kú iṣẹ́, mo ní ikán á gbọ́ orúkọ mi lónìí.

Ní ọjọ́ kejì Tàńtí bi mí pé kí ló ń rùn lára ilé ehoro. Mo ní oògùn ikán ni, kó má ṣèyọnu. Ó ní ó ṣeun.

Ọjọ́ kẹta ni àkọ́kọ́ kú. Àwọn ọmọ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn ìyá. Wọn kò pariwo, ehoro kì í pariwo. Wọ́n á kàn ká jọ sí igun, itọ́ á máa yọ lẹ́nu wọn, ó di kí wọ́n máa mí bí ẹni sáré. Tàńtí gbo ewé fún wọn mu, ó yí koríko padà, ó fọ abọ́. Nígbà tí mo dé ní ọjọ́ karùn-ún, akọ nìkan ló kù láàyè, òun náà ti dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé e jáde. Ètè rẹ̀ dúdú. Mo wo igi ìjókòó koríko: ó ti gé e jẹ wọ inú, gbogbo wọn ló ti gé e jẹ.

Ìgbà náà ni òfin ọ̀gá wọ etí mi tán. Igi tí ẹnu yóò kàn. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu ènìyàn nìkan ni mo ń kà mọ́ ọn.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni n kò sọ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Mo fi etí aṣọ mi nu ètè ehoro náà kí Tàńtí tó jáde nínú yàrá. Nígbà tó jáde, mo ní kó jẹ́ kí n tú ilé náà ká, kí ojú rẹ̀ má baà máa rí i. Ó wò mí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tú u, mo kó igi rẹ̀ lọ sun. Wọ́n ní ọmọ onítìjú ni mí, tó ń ro ti ìyá rẹ̀.

Ìkórè dé. Àwọn ẹbí Làsísì pe ìpàdé lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi pẹ̀lú èmi nítorí pé àwa la kan ilé ẹran. Bàbá Súlè ti Àjàrá dé, ó wọ funfun. Bàbá Àgbà bi Tàńtí pé kí ló pa ehoro tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Tàńtí ní, "Bàbá, igi náà ń rùn. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú."

Bàbá Súlè ní igi wo ni kì í rùn. Bàbá Àgbà yíjú sí ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní òun kò fojú kan ilé náà, kí wọ́n bi ẹni tó kàn án. Ó wá fi kún un, kì í ṣe pé ó ń halẹ̀, bí òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó ní, "Kò sí ọmọ tí mo kọ́ kó fi ọ̀dà kun igi tí ẹnu yóò kàn. Bó bá ṣe é, kó sọ. Kó sì padà wá jókòó nílẹ̀."

Ìtúsílẹ̀ mi ku ọjọ́ méjìlá.

Bàbá Àgbà ní, "Gàníyù, ǹjẹ́ o fi nǹkan kan sára igi yẹn?"

Mo wo Tàńtí. Kò bínú, kò bẹ̀ mí. Ó ń wò mí bí ẹni tó na ọwọ́ tó ń retí kí wọ́n fa òun dìde. Òun nìkan ló mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún òun pé oògùn ikán ni. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ opó gbọ́ lórí ẹjọ́ ara rẹ̀? Ẹnu mi ni wọ́n ń dúró dè. 

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Igi lásán ni."

 Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní bí kò bá jẹ́ igi, tí kò sì jẹ́ koríko, a jẹ́ pé ẹni tó ni obìnrin ló sọ̀rọ̀. Làsísì kò fẹ́ kí ìyàwó òun dá gbé, ó fẹ́ kó wà lọ́wọ́ àbúrò òun. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní musulumí kì í sọ irú èyí. Lóòótọ́ a ń kírun, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn òkú bá wọlé, mọ́ṣáláṣí a máa jìnnà sí wa díẹ̀. Gbogbo wọn mi orí. Kò sí ẹni tó ń bá òkú jiyàn. Tàńtí tún gèlè rẹ̀ wé, ó bèèrè ọjọ́ tí òun yóò di ẹrù.

Ọ̀gá tú mi sílẹ̀. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbé rábọ̀ tuntun lé mi lọ́wọ́, ìyẹn ohun tí a fi ń fá ojú igi, ọ̀gá gbàdúrà sí i. Tàńtí wá. Ó dúró lẹ́yìn, ó kí mi kú oríire, ó lọ kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ náà ni ó kó lọ sí Àjàrá.

Kí n tó sọ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́, nítorí ìyẹn ni ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ fẹ́ gbọ́. Nígbà tiwa, àyùn ọwọ́, rábọ̀ ọwọ́, òòlù, irin ìgbẹ́gi, ó tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń ṣe ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá ẹ̀rọ iná dé, igi tí a ń fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ là, ó ń là á bí ẹni ń rún gúgúrú lẹ́nu. Mo bẹ̀rù rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, mo ń fi ọ̀pá tọ́ igi sí i láti òkèèrè bí ẹni ń fún ajá oníjà lóúnjẹ. Wáyà oníhò náà pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò la ọ̀pá ògùrọ̀ mọ́. Iṣẹ́ yá, ọwọ́ dẹ̀. Ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí o jókòó pẹ̀lú igi títí tí wàá fi mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Wàndó, ilé ehoro ni mo ń kàn jù. N kò mọ bó ṣe jẹ́. Bóyá ẹni tó bá da omi nù kì í fẹ́ gbàgbé ìkòkò. N kò fi ọ̀dà sílé mọ́. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ oògùn ikán, mo ní kó lọ wá káfíńtà mìíràn. Wọ́n ní mo mọ iṣẹ́. Wọ́n ní mo ní ìlànà.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ mi, Ọ̀gá Kàrímù kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àjàrá. Àárọ̀ ni. Tàńtí wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń bó gbágùúdá àwọn ìyáálé rẹ̀. Ó ti bí ọmọ méjì kún ti àkọ́kọ́. Bàbá Súlè kò lù ú, kò fi ebi pa á. Ó kàn jẹ́ pé ohùn Tàńtí ti kéré. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ kó jí. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo gbágùúdá, mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, títí dé etí aṣọ tí mo fi nu ẹnu ehoro.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Kò dáwọ́ bíbó dúró. Ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ òní. Mo ní Ọ̀gá Kàrímù ti kú.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹn-ẹn. Òótọ́ kọ́ lo gbé wá, Gàníyù. Ẹ̀rù rẹ ló kú."

Ibẹ̀ ni Bàbá Súlè wọlé bá wa láti ọjà. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi Tàńtí pé ta ni mí. Tàńtí ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, káfíńtà, òun ló kan ilé ehoro ìjọ́sí. Bàbá Súlè ní, "Àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi pa?"

Tàńtí gbé ojú sókè kúrò lára gbágùúdá. Ó wò mí, ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ ìpàdé yẹn gan-an.

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n yín kọ́. Èmi ni mo pa wọ́n. Mo fi ọ̀dà kun igi, mo sì purọ́ níwájú yín."

 Bàbá Súlè bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká, ó ní ẹ wo ọmọ gidi, tó fẹ́ gba ẹ̀bi kúrò lórí òkú kí ara ìyá rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti tán láti ọjọ́ yìí, àwọn àgbà ló parí rẹ̀, kì í ṣe ti káfíńtà mọ́. Mo tún un sọ. Ó ní kí n dákẹ́, òun gbọ́, òun sì fẹ́ràn mi nítorí rẹ̀. Ó pe Tàńtí pé kó dìde kó lọ bu oúnjẹ fún ọmọ rere yìí.

Tàńtí dìde, ó gbọn èèpo kúrò lára ìró rẹ̀. Ó gbé ọkà àti ọbẹ̀ wá, ó gbé omi ìfọwọ́ ṣáájú, ó sì padà sídìí gbágùúdá rẹ̀. Bàbá Súlè jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń ní kí n bu èyí tó tóbi. Mo jẹ ẹ́ tán.